Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀, ta ló lọmọ?

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lóru, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ìyàwó òun ti kó ọmọ méjèèjì lọ sílé àwọn òbí ẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lọ kọ́ọ̀tù o, ìjà lásán ni, òun ń pe ọlọ́pàá báyìí. Mo ní kó máa pè wọ́n. Ó pè wọ́n lóòótọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Ṣé àṣẹ kọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ yín?" Kò sí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, kó lọ rí lọ́yà.

Inú bí i gan-an, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn níbi púpọ̀. Tí ẹ bá ṣì jẹ́ tọkọtaya, tí adájọ́ ò tíì la ẹnu, ọgbọọgba ni ìyá àti bàbá ní ẹ̀tọ́ lórí ọmọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè (tẹ́ ẹ ò bá ṣègbéyàwó, ọ̀tọ̀ ni tiyín, ẹ lọ bi lọ́yà). Ìyá lè mú un lọ, bàbá náà lè lọ mú un padà, kò sẹ́ni tó rúfin. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Mo ti rí i rí lẹ́nu géètì ilé ìwé kan, bàbá di apá ọmọ mú, ìyá ìyá ọmọ di báàgì ẹ̀yìn ẹ̀ mú, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀, ọmọ náà ò tiẹ̀ sunkún, ilẹ̀ ló ń wò.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn ẹbí tó máa ń sọ pé "tètè kó ọmọ ẹ kó tó dé kọ́ọ̀tù." Ẹ gbà mí! Tó o bá gbé ọmọ pa mọ́, tó ò jẹ́ kó gbóhùn òbí ẹ̀ kejì, adájọ́ á rí i, á sì gbé e ka iwájú ẹ. Tó o bá wá gbé e kọjá ibodè ńkọ́? Àdéhùn Hague ti ọdún 1980, ìyẹn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ọmọ tí wọ́n gbé kọjá ibodè láìtọ́, wà níbẹ̀, orílẹ̀-èdè tó ti wọ̀ ọ́ lé ní 100, wọ́n lè ní kí wọ́n dá ọmọ padà síbi tó ń gbé tẹ́lẹ̀, àgàgà tí ẹnìkejì bá tètè béèrè kí ọdún kan tó pé. Òbí tí wọ́n gbé ọmọ lọ mọ́ lọ́wọ́ ò sì nílò kó ti ní ìwé kọ́ọ̀tù tẹ́lẹ̀ o, ẹ̀tọ́ tí òfin ìlú ibẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí òbí tó.

Ẹni tó kó jáde nílé nìkan "kí ilé lè tòrò" náà, ẹ rọra. Adájọ́ máa béèrè pé ta ló ń jí ọmọ lójú oorun láàárọ̀, ta ló ń mú un lọ ilé ìwé, ta ló mọ oògùn tí ara ẹ̀ kì í gbà. Tó o bá ti fi oṣù mẹ́fà gbé ibòmíì láìdá sí i, lọ́yà òdìkejì á ní ó ti mọ́ ọmọ lára bẹ́ẹ̀. Kó o tó jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo ni tèmi, ta ló ń lọ mú wọn, ta ló ń san kí ni. Kódà lórí WhatsApp, kí ẹnìkejì ṣáà ti fèsì pé òun gbà. Kì í ṣe àṣẹ kọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ó ju ẹnu lásán lọ. Tí kò bá gbà, ẹ lè lọ béèrè àṣẹ onígbà díẹ̀, ìyẹn kì í dúró de kí ìkọ̀sílẹ̀ parí.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lù ẹ́ tàbí wọ́n ń lu ọmọ, gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, gbé ọmọ ẹ, jáde, kílẹ̀ sì tó mọ́ kó o ti máa ronú kọ́ọ̀tù tó máa fún ẹ láàbò.

Ọ̀rẹ́ mi ò lọ jà sha. Ó kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì jẹ́jẹ́ sí i, ọjọ́ kejì ni ìyàwó ẹ̀ fèsì: "Sátidé, aago mẹ́wàá." Ó wá ń bi mí ṣé kóun mú lọ́yà dání. Mo ní oògùn ikọ́ fée ọmọ ẹ tí wọ́n gbàgbé sílé, ìyẹn ni kó mú dání.