Ṣé Èmi Nìkan Ni, àbí Gbogbo Wa Ni?

Ìbéèrè yìí ló máa ń da oníṣòwò orí ayélujára láàmú jù, òun náà sì ni kì í rí ẹni bi. Ọjà tó ń tà wàràwàrà lọ́sẹ̀ tó kọjá dúró lójijì. Owó ìpolówó ń lọ, ẹni tó ń rà kò sí. Ẹni tó dá jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí kò bàjẹ́: á yí àwòrán ọjà padà, á bu iye owó kù, á dá ìpolówó dúró. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìkànnì tó ń polówó lé lórí ló yí ìlànà padà, tí gbogbo àwọn tó ń tajà níbẹ̀ sì ń sun ẹkún kan náà. Nítorí ìbéèrè yìí nìkan, lójú tèmi, ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣòwò ní ojúgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jọ ń fi ìṣirò han ara wọn.

Ẹ wo oṣù Kẹrin ọdún 2021, nígbà tí Apple gbé iOS 14.5, ètò tó ń darí fóònù iPhone, jáde. Láti ìgbà náà, áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù kó tó lè máa tọpa rẹ̀ láti áàpù kan dé òmíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé rárá. Facebook kò wá rí ipasẹ̀ àwọn òǹrajà wọ̀nyẹn dáadáa mọ́, iye ọjà tó ń kà mọ́ ìpolówó sì lọ sílẹ̀. Ẹni tó gbójú lé àkọsílẹ̀ yẹn nìkan lè rò pé ìpolówó òun ti kú, kó pa á, nígbà tí owó ṣì ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí èèyàn márùn-ún bá kó ìṣirò wọn jọ, tí àkọsílẹ̀ gbogbo wọn já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, tí owó tó ń wọlé kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín, wọ́n á mọ̀ pé òṣùwọ̀n ló ṣìnà, ọjà kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìwọ nìkan ni. Kò sí bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ká ní 1,000 èèyàn wọ ìkànnì rẹ, 60 bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, 9 péré ló sanwó tán. Ìwọ tó ni ín ti dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ńlá, níbi tí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ ti wà nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kí ojúgbà rẹ kan tí kò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ rí mú fóònù rẹ̀, kó rà á bí àlejò. Á rí i pé wọ́n ní kí òun kọ́kọ́ ṣe páásíwọ́ọ̀dù kí òun tó lè sanwó, pé bọ́tìnnì ìsanwó sá sábẹ́ àwọn lẹ́tà tí à ń tẹ̀, àti pé ojú ewé tó kẹ́yìn ni owó ìgbéṣẹ́ ọjà ti yọjú lójijì. Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn.

Ẹgbẹ́ WhatsApp lè gba èèyàn 1,024. Ó dára láti gbọ́ ìròyìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa tú àṣírí owó rẹ̀ síbẹ̀. Èèyàn márùn-ún, ìṣẹ́jú 75, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ìyẹn ni mo fara mọ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ka nọ́ńbà márùn-ún: àwọn tó wọlé, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, àwọn tó san án tán, owó ìpolówó, owó tí a dá padà. Lẹ́yìn náà, èèyàn méjì á gbé ìṣòro wọn kalẹ̀, ìṣẹ́jú 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 5 láti ṣàlàyé, 8 fún ìbéèrè nìkan, 12 fún ìmọ̀ràn. Ẹ má jẹ́ kí ìmọ̀ràn ṣáájú ìbéèrè o. Ẹnì kan á kàn máa kọ́ èèyàn bí a ṣe ń polówó, nígbà tó jẹ́ pé ọjà tó ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ òǹrajà ni ìṣòro. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù, kí kálukú kọ ohun kan ṣoṣo tó máa ṣe kí wọ́n tó tún pàdé. Ẹ má sì sáré yọ̀ tàbí bínú sí nọ́ńbà kékeré: 9 lọ́sẹ̀ yìí, 12 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá.

Ohun tó ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká kò pamọ́. Bí ẹnì kan bá ti jìnnà jù níwájú, á di olùkọ́, kò ní rí nǹkan gbà, á sì lọ. Bí méjì bá ń ta ohun kan náà fún òǹrajà kan náà, wọ́n á máa fi òótọ́ pamọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ẹgbẹ́ tó di ibi tí wọ́n ti ń tẹ "like" fún ara wọn. Ìkànnì á wo irú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, á sì máa gbé ọjà yín lọ bá irú wọn: àwọn oníṣòwò bíi tiyín tí kò ní rà á láé. Kíkọ ẹ̀rí irọ́ sábẹ́ ọjà ara yín, bí ẹni pé ẹ ti rà á, tún burú jùyẹn; Amazon lè ti àkáǹtì pa nítorí rẹ̀. Ẹ má fẹnu kò lórí iye owó tí gbogbo yín máa ta ọjà, torí ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún un ní Amẹ́ríkà, òfin sì dè é ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà kò gbọ́dọ̀ hàn nínú ohunkóhun tí ẹ bá fi han ara yín.

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan ló ń gbé kò ní rí ara wọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà gan-an sì ni kálukú nílò ẹni tó máa bi. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì ara yín sínú ìwé láti ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́.