Síídì Kọ́ Ló Ya Ohùn Kúrò Lára Àwòrán

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ẹpẹ tó ti gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di DVD, ohun kan náà ni wọ́n máa sọ fún yín. Ìbẹ̀rẹ̀ síídì náà á gún régé. Tó bá fi máa tó bí ogún ìṣẹ́jú, ẹnu alága ìdúró á ti máa ṣí kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gé kéèkì, alága ti jókòó, ohùn rẹ̀ ṣì ń kí àwọn ẹbí ìyàwó.

Tí wọ́n bá padà lọ bá ẹni tó ṣe é, èsì ibẹ̀ kì í ju méjì lọ: "síídì tí ẹ rà ni kò dáa" tàbí "kásẹ́ẹ̀tì yín ti gbó." Gbogbo èèyàn ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lọ ra síídì olówó gọbọi, wọ́n á tún un ṣe, bákan náà ni yóò tún rí. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa gbé kásẹ́ẹ̀tì dà sí ààtàn. Ó ń dùn mí dọ́kàn, torí ohùn ìyá àgbà tó ti kú lè wà lórí kásẹ́ẹ̀tì yẹn, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti síídì ná. Lórí DVD, ohùn àti àwòrán kì í gbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú fáìlì kan náà ni wọ́n wà, àwọn fáìlì VOB tí ẹ máa ń rí nínú VIDEO_TS. Wọ́n gé ohùn àti àwòrán wẹ́wẹ́, wọ́n tò wọ́n mọ́ra, wọ́n sì kọ àsìkò tí ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde sí i lára. Síídì tí kò dáa kì í rọra fa ohùn sẹ́yìn. Àwòrán rẹ̀ á dúró gbagidi, á fọ́ sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, á máa fò, tàbí kí ẹ̀rọ ní òun kò rí síídì kankan nínú òun. Bí ohùn bá ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ló ti wà nínú fáìlì kí wọ́n tó bọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n tó kọ ọ́ sórí síídì. Ìdí nìyẹn tí dídín spíìdì bọ́ọ̀nù kù sí 4x kò fi lè tún un ṣe. Ó lè jẹ́ kí ẹ̀rọ àtijọ́ rí síídì kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè dá ohùn padà sẹ́nu alága.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ JVC ti gbé kásẹ́ẹ̀tì VHS jáde ní 1976, ara téèpù kan náà ni ohùn àti àwòrán jọ wà. Ibi tí téèpù bá dé làwọn méjèèjì dé. Ó lè gbó, kí àwòrán rẹ̀ máa rú, kí ohùn rẹ̀ máa kùn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kò lè fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ṣáájú èkejì. Ẹ so ẹ̀rọ fídíò mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà láìgba inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wo ibi tó burú jù. Ẹ máa rí i pé ẹnu àti ohùn bára mu.

Ààrin ẹ̀rọ fídíò sí kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ capture card (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àwòrán àti ohùn láti ara ẹ̀rọ fídíò wọ inú kọ̀ǹpútà) àti sọ́fíwíà rẹ̀, ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ọdún Káyókáyó kan wà lọ́wọ́ mi, ọdún tí àwọn Èkó-Ẹpẹ, ọmọ Èkó tó tẹ̀dó sí Ẹpẹ, fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ ọba Èkó ṣe kó dé Ẹpẹ ní 1851. Àwọn onídùndún pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó dáa ju ìlù lọ láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹ wo ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti kan awọ, kí ẹ gbọ́ bóyá ìgbà náà gan-an ni ìlù dún. Nínú fáìlì tí capture card kọ, ó bára mu títí dé ibi tí ẹni tó ń yà á ti pa kámẹ́rà tó sì tún un tàn. Àwòrán rú, ìlà funfun kan gbá kọjá, látibẹ̀ ni kọ̀ǹgọ́ ti ń gbéra padà kí ìlù tó dún. Níbi tí wọ́n tún ti pa kámẹ́rà, ó tún fi kún un. VirtualDub, sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń gba fídíò sílẹ̀, máa ń ka iye fírémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) tó bá sọnù, níbi tí àwòrán bá sì ti rú ni nọ́ńbà náà ti máa ń fò sókè.

PAL ni ìlànà fídíò wa ní Nàìjíríà, fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 90,000 ní wákàtí kan. Bí capture card bá sọ ẹyọ kan péré nù nínú ẹgbẹ̀rún, 90 ló máa sọnù ní wákàtí yẹn. Ohùn kò sì ní sọ tirẹ̀ nù. Àwòrán á wá fi ìṣẹ́jú àáyá 3.6 ṣáájú ohùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní síídì burúkú nìyẹn.

Ohun kejì ni wáyà. Àwọn kan máa ń ki wáyà yẹ́lò, ti àwòrán, bọ capture card, wọ́n á wá ki pupa àti funfun, ti ohùn, bọ ihò ohùn tó wà lára kọ̀ǹpútà. Aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ka àsìkò fún àwòrán àti ohùn nìyẹn, aago méjèèjì kì í sì í dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Bí capture card yín bá ní ihò ohùn tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ki gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ sì fi sample rate ohùn (iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí 48,000, torí òun ni DVD ń lò. Ti CD orin ni 44,100. Bí sọ́fíwíà bá ka 44,100 bí ẹni pé 48,000 ni, ohùn wákàtí kan á tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 55, ohùn á sì máa tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó bọ́ọ̀nù ohunkóhun, ẹ fi VLC, sọ́fíwíà ìwo fídíò, wo fáìlì àkọ́kọ́ tí capture card kọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àárín rẹ̀ àti ìparí rẹ̀. Tí ohùn bá pẹ́ níwọ̀n kan náà jálẹ̀, iṣẹ́ kékeré ni: bọ́tìnnì J àti K máa sọ iye tí ẹ ó fi sún un fún yín. Tó bá ń pọ̀ sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, aago tàbí 44,100 ni, ẹ lè na ohùn tàbí kí ẹ sún un kì kó bá àwòrán dé òpin. Tó bá ń fò lójijì, fírémù ló ń sọnù. Nínà kò ní ràn án, àfi kí ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí fáìlì àkọ́kọ́ bá dáa ṣùgbọ́n tí DVD kò dáa, ibi tí wọ́n ti yí i padà ló ti bàjẹ́, pàápàá tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di MP4 tí iye fírémù rẹ̀ ń yí. Nínú HandBrake, sọ́fíwíà tó ń yí fídíò padà, Constant Framerate (iye fírémù tí kì í yí) ni kí ẹ mú.

Tí ẹ bá fẹ́ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ki capture card bọ ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ẹ má gba orí hub, ẹ̀rọ tó ń pín ihò USB. Ẹ pa gbogbo nǹkan mìíràn tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe fíláàṣì; fíláàṣì tó bá jẹ́ FAT32 kò lè gba fáìlì tó ju 4GB lọ, ọ̀pọ̀ fídíò tó gé láàárín ló jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti gé. Níbi tí wọ́n bá ti pa kámẹ́rà, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ fún ẹni tí kò ní owó TBC, ẹ̀rọ tó ń tún àsìkò àwòrán ṣe kó tó dé kọ̀ǹpútà, nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, NTSC, ìlànà fídíò tiwọn, ni, ẹ yí sọ́fíwíà sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbé e fún ẹlòmíràn ni, ẹ sọ fún un kó fi fáìlì àkọ́kọ́ hàn yín kó tó bọ́ọ̀nù, kí ẹ sì gba fáìlì náà àti kásẹ́ẹ̀tì yín lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2016 tí Funai, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan, ti dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ fídíò dúró, kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò tuntun mọ́. Ẹ tètè ṣe é nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.