Ìjà ilé tí wọ́n gbé jáde sí ìta

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Kabba, mò ń retí kó kàn mí. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń gẹrun fún ń wo fídíò Ibrahim Traoré, sójà tó ń ṣe olórí Burkina Faso, lórí fóònù, ó yí ohùn rẹ̀ sókè débi pé a ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí sójà náà bá sọ ohun tó dùn mọ́ ọn, á mi orí, títí onígbàjámọ̀ fi kìlọ̀ fún un pé bó bá tún mi orí, etí ni òun máa gé.

"Ẹ wo ọkùnrin!" ló ń wí. "Ó lé Faransé, ó ní kí ECOWAS máa bá tiwọn lọ. Ká ní a ní irú ẹ̀ níbí ni, gbogbo àjèjì ì bá ti kó ẹrù wọn."

Bàbá kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè. "Ọmọ mi, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù?"

Kumasi ní Gánà ni wọ́n ti tọ́ bàbá yìí dàgbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí oyè, fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi Gánà sílẹ̀. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Ọ̀kan ni wọ́n ráyè gbé sínú lọ́rì. Ìkejì, aládùúgbò tí wọ́n ti jọ ń jẹun tipẹ́ ló wá dá iye lé e. Bàbá rẹ̀ ò sì lè bá a ná an, nítorí àwọn méjèèjì ló mọ ọjọ́ tí lọ́rì ń bọ̀.

Èmi náà rí tèmi. Ní 1983, mo wà nílé ìwé girama ní ilẹ̀ Yàgbà. Ará Gánà ló ń kọ́ wa ní ìṣirò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ju ẹni tó bá ń sùn, kì í sì í tàsé. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kéde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Wọ́n ní kò kan olùkọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró wò ó? Olùkọ́ wa kọ iṣẹ́ kún ojú pátákó, ó ní ká dà á kọ, ó jáde. A ò ní olùkọ́ ìṣirò mìíràn títí a fi ṣe WAEC, ẹ má sì béèrè ohun tí mo gbà.

Kí ni ará Gánà ṣe fún wa? Owó epo ló já wálẹ̀, ìbò sì ń bọ̀ lóṣù kẹjọ. Ó rọrùn láti nawọ́ sí olùkọ́ ìṣirò ju kéèyàn ṣàlàyé ibi tí owó epo wọlé sí. Wọ́n lọ tán, epo ò gbówó lórí. Kí ọdún yẹn tó parí, sójà ti gbàjọba lọ́wọ́ Shagari. Ohun tó ṣẹ́kù ni àpò onílà tí a sọ ní Ghana Must Go, tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi jà: púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ìjà orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ìjà ilé ni. Bí olórí bá ń pariwo sí ará ìta, ìwọ tó wà nílé ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ti Niger ló sì yé mi jù. Ní July 26, 2023, Ọ̀gágun Tiani àti àwọn sójà rẹ̀ gbàjọba ní Niamey, olú-ìlú wọn. Kò pẹ́ tí ECOWAS, àjọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ààrẹ tiwa ń darí nígbà náà, fi ti ẹnubodè, tí Nàìjíríà sì já iná mànàmáná tó ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó gbàjọba nípá nílò ìdí kan tí aráàlú fi máa fẹ́ràn rẹ̀, àwa ni a gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, òkùnkùn ilé wọn ti di ẹ̀bi Nàìjíríà. Àwọn èèyàn kún pápá ìṣeré fọ́fọ́, wọ́n ń ju àsíá. Ní January 29, 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò ní ECOWAS pátápátá. Mi ò sọ pé irọ́ ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Faransé o. Àmọ́ owó sẹ́fà tí Faransé dá sílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ná.

Odò Ọya tí ẹ ń wò ní Lọ́kọ́ja yìí, Mali àti Niger ló gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló jọ ní àjọ tó ń bójú tó o, Niamey sì ni orílé-iṣẹ́ wọn wà. Ẹ lè kúrò ní ECOWAS, odò ńkọ́?

Àwa náà ní ẹni tí a máa ń di ẹ̀bi rù: Lagdo, ìdídò kan ní Kamẹrúùnù. Tí odò Benue bá ti kún, a ó ní Kamẹrúùnù ló tú omi sílẹ̀. Wọ́n parí ìdídò Lagdo ní 1982. Èyí tó yẹ kí àwa náà kọ́ sí Dasin Hausa ní Adamawa láti gba omi yẹn, a ò kọ́ ọ. Ní Adankolo, ní Lọ́kọ́ja, àmì omíyalé ọdún 2022 ṣì wà lára ògiri ilé àbúrò mi, ó ga dé ojú fèrèsé. Ó fi ọ̀dà kun ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, àmì yẹn tún yọ.

Àwa Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, gan-an, ta ló yẹ kó fi ọ̀rọ̀ ààlà tàn wá jẹ? Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1957, gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ kí Kabba àti Ìlọrin kúrò ní Àríwá bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ààlà ò yẹ̀. Títí dòní, ní Èkó, ará Àríwá ni wá. Ní Lọ́kọ́ja, Yorùbá ni wá.

Nígbà tí wọ́n gẹrun ọmọkùnrin yẹn tán, ó gbọn irun kúrò lọ́rùn, ó wá bi bàbá náà bóyá ó tún padà sí Kumasi.

Bàbá ní òun padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Aládùúgbò yẹn pè é wọlé, ó bu omi fún un. Ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ṣì ń ránṣọ. Ọkùnrin náà ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń já òwú, ó ní kó bá òun wò ó, ṣebí ti bàbá rẹ̀ ni.

Ó ní òun wò ó.