Àkọ́sórí ni "Pronoun", Ta Ló Máa Kọ́ Ọmọ Ní "He" àti "She"?

Inú ń bí mi, n ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi. Lálẹ́ àná ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi. Ó da ojú ìwé náà dé sórí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá mi rí i." Àròkọ kékeré kan ni, gbólóhùn mẹ́sàn-án péré, nípa ìyá rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Ínkì pupa tíṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Níbi tó ti kọ "My mother is kind. He helps everybody", wọ́n fa ìlà gba orí "He" kọjá. Níbi tó ti kọ "My father came home. They were tired", wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ "They were", bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló dùn mí jù: "Does she knows that I love her?" Wọ́n fi bírò pupa yí lẹ́tà "s" ìdí "knows" ká. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ "Poor grammar". Ó parí. Kò sí ẹni tó kọ ìdí kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlà wọ̀nyẹn.

Mo ní kó sọ ohun tó ń jẹ́ "pronoun", ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, fún mi. Ọmọ náà dìde dúró, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó là á mọ́lẹ̀ láìkọsẹ̀: "A pronoun is a word used instead of a noun." Mo ní oríṣi gbólóhùn ńkọ́? Ó ka "declarative, interrogative, imperative, exclamatory" jáde bí ẹni ń ki oríkì, ó tún fi "simple, compound, complex" lé e kí n tó béèrè. Ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ inú àpótí, tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹyọ kan rí!

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. Orúkọ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ, wọn ò kọ́ ọ ní lílò. Nígbà tó bá wá ṣi nǹkan lò, wọ́n á ní kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fi bírò pupa pa á lẹ́nu mọ́.

Ìtumọ̀ àkọ́sórí yẹn gan-an ò tiẹ̀ pé. Bí mo bá ní "I am hungry", orúkọ wo ni "I" rọ́pò níbẹ̀? Ta ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa á, bí kì í bá ṣe ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ? "It is raining" ńkọ́? Kí ni "it" yẹn dúró fún? Àwa ní òjò ń rọ̀, a dárúkọ ohun tó ń rọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Gẹ̀ẹ́sì ò lè fi ipò olùwà, ẹni tàbí ohun tí gbólóhùn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, sílẹ̀ lófìfo, ló bá fi "it" dí i. Kò dúró fún nǹkan kan. Ọmọ tó bá fi ìtumọ̀ yẹn wá ọ̀rọ̀-orúkọ tó sá pamọ́ sẹ́yìn "it", ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀. Látinú Látìnì ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ "pronoun" náà yọ: pro ni dípò, nomen ni orúkọ. Ní 1586 tí William Bullokar tẹ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ jáde, gírámà Látìnì ló wò kọ. Ó ti lé ní 400 ọdún, àwọn ọmọ wa ṣì ń kó ọwọ́ sẹ́yìn kà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí "He" tó kọ fún ìyá rẹ̀. Ṣé ọmọ yẹn ò mọ̀ pé obìnrin ni ìyá òun ni? Ó mọ̀ dáadáa. "Ó" ló wà lẹ́nu rẹ̀. "Ó" wa kì í béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá èèyàn ni tàbí àga. Gẹ̀ẹ́sì ló fọ́ ọ sí mẹ́ta, "he", "she" àti "it", ó sì ní kéèyàn ti yan ọ̀kan kó tó la ẹnu. Ọmọ tí wọn ò sọ fún pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ dáhùn rẹ̀? Ohun tó nílò ò ju pé kí ẹnì kan jókòó tì í, kó ní: gbogbo ibi tí "ó" bá ti fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ, dúró ná, fi ojú inú wo ẹni tí ò ń sọ nípa rẹ̀, kó o tó sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá máa nawọ́ sí èèyàn, sí ìwé, sí ilẹ̀kùn, kó máa dáhùn, lójoojúmọ́, títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹnu ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, àkọ́sórí ò lè ṣe é.

"Rẹ̀" tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Adé fẹ́ràn ìyá rẹ̀." Ká ní ọkùnrin ni Adé. Ọmọ á kọ "Ade loves her mother", nítorí ó rí "mother", ó rántí pé obìnrin ni. Ẹni tó ni ìyá ni Gẹ̀ẹ́sì ń wò, kì í ṣe ìyá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ì bá gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìlà pupa mélòó kan, ṣùgbọ́n mo tú ìwé tó ń lò láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, n ò rí i. Tábìlì ni mo rí, ẹni kìn-ín-ní, ẹnì kejì, ẹnì kẹta, ẹyọ, ọ̀pọ̀, gbogbo rẹ̀ tò gẹ́ẹ́rẹ́ nínú àpótí.

Èyí tó wá mú mi fọwọ́ lu tábìlì ni ti "They were tired". Ọmọ yẹn ò ṣèèṣì kọ ọ́! Bàbá mi dé, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ìwà ọmọlúàbí ló kó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa nílé, ó fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀, wọ́n fi ìlà méjì san án fún un. Ṣé ẹni tó fa ìlà yẹn, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ò mọ ibi tí "they" yẹn ti wá ni? Ó mọ̀. Kí ló dé tí kò lè kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "they" bọ̀wọ̀ fún àgbà, pé "he" ni bàbá ń jẹ́ níbẹ̀, kò sì túmọ̀ sí àrífín?

Nígbà tí èmi alára wà nílé ẹ̀kọ́, mi ò kì í lè sọ "you" sí àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ á há mi lọ́fun. Lójú mi, "ìwọ" ni mò ń pè wọ́n yẹn. Kí n má bàa sọ ọ́, màá yí gbólóhùn po títí yóò fi dàrú, wọ́n á ní n ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìbẹ̀rù yẹn ò ní ìdí. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní "thou" fún ẹnì kan, ó ní "ye" àti "you" fún ọ̀pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, gẹ́lẹ́ bí àwa náà ṣe ń lo "ẹ". Nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fi máa parí, "thou" ti ń kógbá wọlé lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, "you" sì gba gbogbo ilé. "Ẹ" ni "you", kì í ṣe "o"! Ìdí rèé tó fi ń bá "are" rìn títí dòní, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ló dúró níwájú wa. Kí ni ì bá ná ẹnikẹ́ni láti sọ èyí fún ọmọ kan tí ń gbọ̀n níwájú tíṣà?

Wọ́n ń ṣe bí ẹni pé "I" àti "me" jẹ́ awo kan tí Yorùbá ò lè mọ̀. Irọ́ ni. Mo pè é, ó pè mí. A kì í sọ pé "mi pè é". Ọmọ ti ní olùwà àti àbọ̀ (ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí) lẹ́nu kó tó mọ ABD. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni ibi tí "àti" bá ti wọlé, nítorí "èmi" la máa ń lò níbẹ̀, ì báà jẹ́ olùwà, ì báà jẹ́ àbọ̀: èmi àti Kúnlé lọ, ó pe èmi àti Kúnlé. Ọmọ á wá kọ "He called I and Kunle." Dípò kí wọ́n ní kó yọ Kúnlé kúrò kó fetí sí ohun tó kù, wọ́n á pariwo lé e lórí pé "Kunle and I" ló dáa. Ẹ̀rù á bà á, á máa kọ "Kunle and I" síbi gbogbo, títí kan "He called Kunle and I", tí òun náà kò tọ̀nà.

Wọn ò sì sọ fún ọmọ rí pé ibì kan wà tí èdè tirẹ̀ ti là á yé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. "Adé sọ pé òun ń bọ̀", Adé fúnra rẹ̀ ni. "Adé sọ pé ó ń bọ̀", ẹlòmíì ni. Gẹ̀ẹ́sì fi "he" kan náà sọ méjèèjì. Bí ọmọ bá gbọ́ irú èyí lẹ́ẹ̀kan, kò ní jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ọgbọ́n.

Ti gbólóhùn wá ńkọ́? Láti sọ gbólóhùn di ìbéèrè, "ṣé" ni tiwa, a gbé e síwájú, nǹkan mìíràn ò yẹsẹ̀. Ó mọ̀, ṣé ó mọ̀? Gẹ̀ẹ́sì ní dandan kí "do" wá, bí kò bá ti sí irú "is" tàbí "can" nínú gbólóhùn náà, "do" ọ̀hún ò sì ní ìtumọ̀ kankan níbẹ̀, ẹrù ló wá rù. "She knows": "knows" ló ru "s". Bí "does" bá ti dé, ó ti gba "s" yẹn rù, "know" ti sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ní í rù ú. "Did he go" náà nìyẹn, "did" ti gbé àná, "go" ò tún gbọdọ̀ gbé e. Mo fi ẹnu ara mi sọ èyí fún ọmọ náà lálẹ́ àná, ó wo "Does she knows" tó kọ, ó fi ìka bo "s", ó ní, "Ẹrù ti di méjì!" Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Sáà kan gbáko ni wọ́n fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ "interrogative" láìṣì í.

"Bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" ni n ò lè dárí rẹ̀ jì wọ́n. Tíṣà kan bi mí nígbà yẹn pé, "Didn't you do your homework?" Mo ní, "Yes, sir." Òótọ́ ni mo sọ. Ṣé o ò ṣe é ni? Bẹ́ẹ̀ ni, n ò ṣe é. "Bẹ́ẹ̀ ni" tiwa, ohun tí ẹni náà sọ là ń gbà fún un. "Yes" tiwọn kì í wo ohun tí ẹni náà sọ, bóyá nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀ ló ń wò. "No, I didn't" ni ìbá jẹ́ ìdáhùn mi. Tíṣà ní kí n gbé ìwé wá, ojú ewé náà funfun báláú. Ó ní mo purọ́ fún òun. Wọ́n nà mí nítorí irọ́ tí n kò pa, wọ́n sì ní kí n kọ "I am a liar" kún ojú ewé méjì. Ẹ jọ̀ọ́, lábẹ́ "interrogative sentence", ibo ni wọ́n ti kọ èyí sí?

Ti "exclamatory", àmì ìyanu nìkan ni wọ́n ń fi hàn wọ́n. Wọn kì í sọ pé "How tall he is!" yàtọ̀ sí "How tall is he?", pé ìyanu kì í yí olùwà padà sẹ́yìn bí ìbéèrè ti ń ṣe. "Simple" àti "complex" ńkọ́? Lójú ọmọ, "complex" ni gbólóhùn tó gùn. Kò sí ẹni tó fi gbólóhùn oníbọ̀, gbólóhùn tó gbé òmíràn sínú, tó ń sọ lójoojúmọ́ ní Yorùbá hàn án rí.

Mo mú pẹ́ńsù lálẹ́ yẹn, mo kọ ìdí sábẹ́ gbogbo ìlà pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì ń fi ìka tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ìkẹyìn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àǹtí, kí ló dé tí wọn ò sọ èyí fún wa?" N ò rí èsì fún un. Ìdánwò wọn di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ó ti fi ìbéèrè àkọ́kọ́ hàn mí, wọ́n ti kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn kí wọ́n lè há a sórí: "Define pronoun."