Àwọ̀ nìkan kọ́ ló wà nínú fíìmù Fellini

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwọ̀ àti aṣọ aláràbarà nìkan ló wà nínú Giulietta degli spiriti, fíìmù tí Fellini, olùdarí fíìmù ará Ítálì, ṣe lọ́dún 1965, pé kò wọni lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Giulietta, ìyàwó ilé tí ìtàn náà dá lé lórí, tan àbẹ́là sórí tábìlì fún àyájọ́ ìgbéyàwó wọn. Ọkọ rẹ̀ gbàgbé, ó kó èrò wọlé. Lójú oorun, ọkọ náà tún ń pe orúkọ obìnrin mìíràn! Inú ìbànújẹ́ yìí gan-an ni àwọn iwin aláwọ̀ mèremère tí Giulietta ń rí ti ń jáde. Nígbà tí Giulietta wá tú ọmọdébìnrin tí wọ́n dè mọ́ àárín iná sílẹ̀, ìyẹn òun fúnra rẹ̀ nígbà èwe, ara rẹ̀ ló tú sílẹ̀. Giulietta Masina, aya Fellini, ló kó ipa Giulietta. Ẹ tún un wò, ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe fìlà àwọn tó yí i ká.