Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ni kí ẹ wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ pé ìwé ìròyìn àtijọ́ ilẹ̀ Faransé ń ròyìn ogun Dàhòmì (ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní) "lọ́jọ́ náà gan-an" tó ṣẹlẹ̀. Rárá o. Wáyà, ìyẹn tẹligíráàmù, máa ń kúrú gan-an nígbà náà, torí iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Inú lẹ́tà tí ọkọ̀ ojú omi gbé ni ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ wà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Dodds, ọ̀gágun Faransé, wọ Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, ní 17 Oṣù Kọkànlá 1892, síbẹ̀ lẹ́tà nípa ìjà tó ti kọjá ṣì ń bọ̀ lójú omi. Ìdádúró tiwa níhìn-ín tún wà nígbà náà: ìgbì etíkun Kútọnu le, ọkọ̀ ńlá máa ń dúró lókèèrè, ọkọ̀ kékeré ló máa ń kó ẹrù wá sí èbúté, kó tó gba ọ̀sà dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ìgbì bá ru, àpò lẹ́tà dúró.