Búrẹ́dì Tó Sun Inú Fíríìjì Mọ́jú

Àrùn kan ti wọ àárín àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà. Bí Kérésì bá ti ku ọ̀la, ìyàwó ilé á lọ ra búrẹ́dì olówó gọbọi, èyí tó rọ̀ bí òwú, á wá ṣí ọ̀rá ẹ̀ sílẹ̀ kó lè gan, kó lè fi ṣe French toast casserole, búrẹ́dì tí wọ́n ń rẹ sínú ẹyin mọ́jú kí wọ́n tó yan án. Ó fowó ra rírọ̀, ó ń ṣọ́ ọ títí á fi le.

Lọ́dún tó kọjá, ilé àbúrò mi obìnrin ni mo ti ṣọdún. Lálẹ́, ó gbé àwo díńgí kan kalẹ̀, ínṣì 9 ní fífẹ̀, ínṣì 13 ní gígùn. Ó gé búrẹ́dì sínú ẹ̀, ó po ẹyin mẹ́jọ mọ́ mílíìkì, ṣúgà pupa àti sínámónì, ó dà á lé e lórí, ó di inú fíríìjì. Màmá wa tó wá wẹ ọmọ ń wò ó.

"Ta ni kò léyín nínú ilé yìí?"

"Màmá, oúnjẹ àárọ̀ ọ̀la ni. Tí mo bá ti ṣe é sílẹ̀ báyìí, ìsinmi dé lọ́la nìyẹn."

Ìsinmi ọ̀hún rèé o: aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, àbúrò mi ti wà ní kíṣìnì. Àwo díńgí tó tutù kì í dédé wọ ófúùnù gbígbóná, ó lè là, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó kí ara ẹ̀ yá. Ó wá wọ́n pecan, èso igi kan tó jọ ẹ̀pà, sí i (ìyẹn, mo foríjì í, igi pecan ni igi àmì ìpínlẹ̀ Texas láti 1919). Lẹ́yìn náà ló wọ ófúùnù oní-350 Fahrenheit, ó lò tó wákàtí kan níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti fi bisikíìtì panu, wọ́n ti padà sùn. Bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì kan náà, ẹyin kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ní inú páànù.

Àwọn Faransé tiẹ̀ ní orúkọ fún búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú ẹyin: pain perdu, búrẹ́dì tó sọnù. Búrẹ́dì tó ti gan ni wọ́n ń fi ọgbọ́n gbà là kó má bàa ṣòfò. Tiwa yàtọ̀. Àwa la máa sọ ọ́ nù fúnra wa, ká tó máa wá a kiri pẹ̀lú ẹyin mẹ́jọ.

Ó jáde nígbẹ̀yìn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Wọ́n jí àwọn ọmọ, gbogbo ilé wọ aṣọ oorun aláwọ̀ kan náà, aṣọ ẹbí tí kò lóde, wọ́n ya fọ́tò títí oúnjẹ fi tutù.

Màmá bù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ó dùn. Ó dà bí búrẹ́dì tí èèyàn kì bọ tíì, tó wá gbàgbé síbẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá bu ẹ̀wà, ó rẹ ẹ́ sómi de àkàrà àárọ̀. Àbúrò mi sáré mú fóònù, ó ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ ya á.